Ilé-Ìṣọ́ Méjì: Ọba àti Ènìyàn nínú Ìwé Mọ́mọ́nì

Ọdún 1830 ni Joseph Smith tẹ Ìwé Mọ́mọ́nì jáde ní ìpínlẹ̀ New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìwé mímọ́ ni ó jẹ́ fún ìjọ tí ó dá sílẹ̀. A kò ní jiyàn lórí ìgbàgbọ́ wọn níhìn-ín. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni tiwa. Apá tí a ń pè ní Ìwé Mosiah ni a ó yẹ̀ wò, kí a lè mọ ọgbọ́n tí asọ̀tàn fi ya ọba rere sọ́tọ̀ kúrò lára ọba búburú.

Nígbà tí Ọba Bẹ́ńjámínì darúgbó, ó pe àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ sí ẹ̀bá tẹ́ḿpìlì láti fi Mosiah, ọmọ rẹ̀, jọba. Èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn rẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Ó ní kí a kọ́ ilé-ìṣọ́ kan kí òun lè dúró lórí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, àwọn kan kò gbọ́. Ó ní kí a kọ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí wọn. Ó rán wọn létí pé ọwọ́ ara òun ni òun fi ṣiṣẹ́ jẹun, kí owó-orí má baà wọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ọba Nóà, ọmọ Zeniff, ni òdìkejì rẹ̀. (Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé Nóà tí ó kan ọkọ̀ ni.) Ìdá kan nínú márùn-ún ohun ìní àwọn ènìyàn ni ó ń gbà. Òun náà kọ́ ilé-ìṣọ́ sí ẹ̀bá tẹ́ḿpìlì, ṣùgbọ́n kí ó lè máa wo ilẹ̀ àwọn Lamanite, ọ̀tá wọn, ni ó ṣe kọ́ ọ. Bẹ́ńjámínì gun tirẹ̀ kí ohùn lè dé ọ̀dọ̀ ará ìlú; Nóà gun tirẹ̀ kí ojú lè ré kọjá wọn.

Ibi tí asọ̀tàn ti lo àmì yìí dáradára jù ni ìgbà tí Gídíónì fi idà lé ọba náà. Orí ilé-ìṣọ́ ni Nóà sá sí. Láti ibẹ̀ ni ó ti rí ogun Lamanite tí ń bọ̀, ni ó bá fi orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Asọ̀tàn sì là á fún wa pé ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ó ń bẹ̀ fún. Kò pẹ́ tí ó fi pàṣẹ pé kí àwọn ọkùnrin fi aya àti ọmọ sílẹ̀ sá lọ. Àwọn tí ó bá a sá ni wọ́n padà dáná sun ún, gẹ́gẹ́ bí òun ti sun wòlíì Abinadi. Àwọn tí ó kù nílé di ẹni tí ń san ìdajì ohun ìní wọn fún ọ̀tá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Limhi, ọmọ Nóà, jọba, orí ilé-ìṣọ́ ni òun náà ti rí ogun tí ń bọ̀, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ láti dènà dè é. Ilé-ìṣọ́ kò ní ẹ̀bi. Ẹni tí ó gùn ún ni kí a bi.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Nóà nìkan kọ́ ni ó ba ilẹ̀ náà jẹ́: ọ̀rọ̀ dídùn tan àwọn ará ìlú, wọ́n bá a bọ òrìṣà, àwọn gan-an ni wọ́n sì de Abinadi wá síwájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí Mosiah, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ kọ oyè, fi dábàá pé kí ohùn ará ìlú máa yan adájọ́, kí adájọ́ kékeré sì lè dá ẹjọ́ adájọ́ ńlá. Ó gbà pé ọba dára bí gbogbo ọba bá rí bí Bẹ́ńjámínì. Ó sì kìlọ̀ pé bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá yan ibi, ìparun ń bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé ìwé yìí kàn ń bú ọba ni kò tíì kà á dé ìdí.

Àléébù kan wà níbẹ̀. Ìtàn tí ó ń gbé ohùn ará ìlú ga kò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni pé ẹnu kan ni gbogbo wọn ní. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jáde bẹ ogun Lamanite, tí ẹ̀bẹ̀ wọn sì gba ẹ̀mí àwọn tí ọba sá fi sílẹ̀ là, kò ní orúkọ kan ṣoṣo. Orúkọ ọba tí ó sá ni a mọ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ bi àwọn ọmọ kíláàsì léèrè ìdí rẹ̀.