Ẹnu Mẹ́ta, Ìtàn Kan

Tomi Adeyemi kò fi ìtàn Children of Blood and Bone, ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2018, sẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀dọ́ mẹ́ta ló ń gbà á sọ: Zélie, ọmọ apẹja, Amari, ọmọ ọba tó sá kúrò láàfin, àti Inan, ẹ̀gbọ́n Amari, tó ń lépa wọn. Orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló máa ń ṣíwájú orí kọ̀ọ̀kan.

Kò sẹ́ni tó pé nínú wọn. Zélie máa ń ṣe kó tó rò, àwọn ará ilé rẹ̀ ló sì ń jìyà rẹ̀. Ojo ni Amari níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara Inan ni mo ti rí ọwọ́ òǹkọ̀wé yìí jù. Ó kórìíra idán, idán náà sì wà lára òun fúnra rẹ̀. Á máa ka oókan dé ẹẹ́wàá kó lè tẹ̀ ẹ́ rì. Ká ní Zélie nìkan ló ń sọ ìtàn náà ni, apànìyàn lásán ni Inan ìbá jẹ́. Nígbà tó kan Inan, a gbọ́ bí ẹ̀rù bàbá rẹ̀ ṣe ń bà á, àánú rẹ̀ sì ṣe wá láìròtẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, òǹkọ̀wé kò dá a láre: abúlé Zélie tó jó nígbà tí Inan ń lépa wọn, ó ti jó náà nìyẹn.

(Ìfẹ́ àárín Zélie àti Inan yá jù lójú tèmi.)

Yorùbá ni wọ́n fi ń pe ọfọ̀ nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì yìí. Ọ̀dọ́ tó bá ń kà á ní ìlú Yorùbá bí Ìbẹ̀fun kò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀.