Ọ̀pá Ìwọ̀ àti Okùn Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwọ̀ pẹja láti Igangan títí dé etí odò Ofiki, tó ń ṣàn wọ odò Ògùn, kò nílò owó rẹpẹtẹ. Ọparun ti tó o ṣe ọ̀pá, bó bá ti mọ̀ ọ́n yàn.

Èyí tó gbó ni kó gé, kì í ṣe èyí tó ṣì rọ̀. Ibòji ni kó ti gbẹ ẹ́, kó má baà là. Bí ẹja àrọ̀ bá fà á, kí orí ọ̀pá náà tẹ̀, kó sì tún nà padà. Kí ẹnikẹ́ni má fojú tín-ín-rín ọparun o! Ọparun Tonkin láti Ṣáínà ni àwọn òyìnbó là pẹ́lẹ́bẹ́, tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ di ọ̀pá ìpẹja olówó gọbọi.

Okùn gan-an ló yẹ kó náni lówó.

Lọ́dún 1938 ni ilé-iṣẹ́ DuPont ti Amẹ́ríkà kéde náílọ́ọ̀nù, èyí tí wọ́n ń fi ṣe okùn ìwọ̀. Ó lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń sọ ọ́ di ahẹrẹpẹ. Kí olùrà ta kókó, kó fi omi rin ín, kó wá fà á le. Ẹ má ra èyí tó ti pẹ́ lójú oòrùn, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.