Àjàlá Tí A Mọ̀, Ọ̀nà Tí A Kò Mọ̀

Bí mo bá gbé kẹ̀kẹ́ jáde láàárọ̀ Sátidé ní Ìlọrà, tí mo di ẹrù mọ́ káríà ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnì kan ò ní ṣàì pè mí ní Àjàlá. Ìyá alákàrà tó wà ní ìkóríta wa ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀: "Àjàlá Travel! Ibo tún lò ń lọ lónìí?"

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Mà. Fìdítì ni. Ọ̀nà oko ni mo fẹ́ gbà."

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ta ló ń gba ọ̀nà oko lọ sí Fìdítì nígbà tí títì ọlọ́dà wà ńlẹ̀?

Ìbéèrè yẹn ló mú mi kọ àròkọ yìí. Ìdí ni pé nínú orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí, kò sí ọ̀nà níbẹ̀. Ibi tí èèyàn dé nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ni orúkọ náà. Inú orin Ebenezer Obey ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ Moshood Ọlábísí Àjàlá, ohun tí orin náà sì fi lé wa lọ́wọ́ ni pé ọkùnrin yìí rìn káàkiri ayé. Nínú àwòrán rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, orí àlùpùpù kékeré, ìyẹn scooter, ló wà. Ìwé rẹ̀, An African Abroad, jáde ní London lọ́dún 1963. Ṣùgbọ́n kó tó kan àlùpùpù, kẹ̀kẹ́ ológeere ló kọ́kọ́ gùn. Lọ́dún 1952, nígbà tó wà ní Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles nínú aṣọ ìbílẹ̀ wa. Nǹkan bíi máìlì 2,280 ni, ó lé ní kìlómítà 3,600. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ láti Ìlọrà dé Ìbàdàn rí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré.

Ibo ló ń sùn? Ta ló fún un lómi? Kí ló ṣe lọ́jọ́ tí táyà jò? Lọ́dún 1952, ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ìbéèrè kékeré fún aláwọ̀ dúdú. Òfin ìyapa ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1936 ni Victor Hugo Green, òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kan ní New York, ti ń tẹ Green Book jáde, kí àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń rìnrìn àjò lè mọ ilé ìtura àti ilé oúnjẹ tó máa gbà wọ́n. Ẹ ò rí i pé odidi ìwé ni wọ́n fi kọ ohun tí àwa fò dá nínú ìtàn Àjàlá.

Ẹ lè sọ pé orin jùjú ni, kì í ṣe ìwé ìrìnàjò. Mo gbà. Iṣẹ́ orin ìyìn ni kó gbé èèyàn ga, Obey sì ṣe iṣẹ́ tiẹ̀. Àwa tá a gba orin náà tá a sọ ọ́ di gbogbo ìtàn ni mo ń bá wí. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ Àjàlá, iye orílẹ̀-èdè là ń kà, a ó sì tún ka àwọn ẹni ńlá tó bá pàdé: Nehru ní Íńdíà, Golda Meir ní Ísírẹ́lì. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ti òde ìnáwó dé, tó ń ka orúkọ àwọn tó wá, tí kò sọ ohun tí wọ́n jẹ.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ìwé wa kò mọ ọ̀nà í kọ. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde lọ́dún 1938, Òkè Láǹgbòdó ni àwọn ọdẹ ń lọ, ṣùgbọ́n Fágúnwà kò sáré débẹ̀. Ó jẹ́ kí ọ̀nà gba ojú ewé tirẹ̀. Ohun tó pàdé wọn lọ́nà ló sọ wọ́n di ẹni tá à ń rántí.

Àwọn òyìnbó tó fẹ́ràn irú ìrìn tèmi ní orúkọ fún un. Gravel ni wọ́n ń pe kí èèyàn máa gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà tí kò lọ́dà. Bó bá wá di ẹrù ọjọ́ mélòó kan mọ́ kẹ̀kẹ́, ó di bikepacking. Ní ìlú Emporia ní Kansas, láti ọdún 2006 ni wọ́n ti ń fi irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ díje fún 200 máìlì. Ní Kẹ́ńyà náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Migration Gravel Race lọ́dún 2021 ní agbègbè Maasai Mara. Mo máa ń wo fíìmù tí wọ́n ń ṣe nípa irú ìrìn yìí lóru, nígbà tí kóòdù tí mò ń kọ bá sú mi. Wọ́n rẹwà, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn, bákan náà ló ń rí: ẹnì kan ṣoṣo, ilẹ̀ tó ṣófo lọ súà, kámẹ́rà lókè, orin lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀nà hàn, ṣùgbọ́n wọ́n kó èèyàn kúrò lórí rẹ̀.

Ọ̀nà oko Ìlọrà kò ṣófo. Mi ò lè rìn fún ogún ìṣẹ́jú kí n má kí ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tó bá kọjá láìkí èèyàn, ó ti ṣẹ̀. Adẹ́mu á pàdé mi, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tíúbù àlòkù tó là gbọọrọ ló fi so wọ́n, tí ẹyọ kan kò mì. Èmi fi owó gidi ra báàgì tí mo so mọ́ kẹ̀kẹ́, ó sì ń jó lọ jó bọ̀. Ta ni ọ̀gá nínú àwa méjèèjì?

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tí mo dá fún orin, èmi náà jẹ ẹ́. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá àgbà kan nínú ẹbí ìyá mi mú mi gba ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sóko nígbà ọ̀dọ́ wọn. Wọ́n wà lórí Raleigh wọn, èmi ń tẹ̀ lé wọn. Gbogbo ibi tá a bá dé ni wọ́n ń dárúkọ. "Ìdí Ìrókò nìyí o. Ìrókò ọ̀hún ti wó kí wọ́n tó bí ẹ." Ibi odò báyìí, ibi tí wọ́n ti máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ báyìí. Mò ń dáhùn "ẹ̀n-ẹ́n, Bàbá," ọkàn mi sì balẹ̀ pé fóònù ń gba ọ̀nà náà sílẹ̀.

Bàbá kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo ṣí fáìlì náà. Nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀, méjì-méjì, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìlà. Kò sí orúkọ kan ṣoṣo. Mo mọ ibi tá a gbà débi tí mo lè tọ́ka sí i lórí ilẹ̀, mi ò sì mọ ohun tó ń jẹ́. Mo ti ka ibi, mo sì ti pàdánù ọ̀nà.

Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. OpenStreetMap, àwòrán ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí láti ọdún 2004, ni mò ń kọ ọ́ sí, pẹ̀lú àmì ohùn. Orúkọ mẹ́fà ni mo rí gbà padà. Bí ẹnì kan bá lè jókòó kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìrìn kẹ̀kẹ́ Àjàlá ti 1952 ní èdè wa, kó bá àwọn tó lè mọ nǹkan nípa rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó pẹ́ jù, èmi á kọ́kọ́ kà á.

Sátidé tó kọjá, ìyá alákàrà tún pè mí ní Àjàlá. Mo ní Ìdí Ìrókò ni mo máa gbà.

Wọ́n dá ọwọ́ àkàrà dúró. "Ìdí Ìrókò? Ta ló sọ fún ẹ? Bàbá mi lóko níbẹ̀ rí. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń pe gegele tó tẹ̀ lé e?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀.