Pẹ́dàlì Píánò àti Ohùn Dùndún

Akin Euba (1935–2020) jẹ́ ògúnná gbòǹgbò nínú àwọn tó gbà pé a lè fi píánò ṣe bí ìlù ilẹ̀ Áfíríkà. Scenes from Traditional Life (1970) wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ tọ́ka sí níhìn-ín ni àṣìlò pẹ́dàlì ẹsẹ̀ ọ̀tún nígbà tí píánò bá ń ṣe àfarawé dùndún.

Bí a bá tẹ pẹ́dàlì yìí, gbogbo ìrọ̀rí kékeré tó ń pa okùn lẹ́nu mọ́ yóò gbéra. Okùn tí a kò lù yóò sì máa bá èyí tí a lù gbọ̀n. Mo dán irú rẹ̀ wò lórí píánò ìjọ kan ní Alẹ́kúwodò: mo rọra tẹ dò kan mọ́lẹ̀ láìjẹ́ kó dún, mo lu dò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mo sì gbọ́wọ́ kúrò lórí ìyẹn. Èyí tí n kò lù ló ń dún!

Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ohùn la fi ń mọ igbá yàtọ̀ sí ìgbà àti igba. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì ṣì wọ́n lò kì í gba máàkì lọ́wọ́ wa. Bí dò àti mí bá dún pọ̀, kí ni ìlù wí?

Ẹnìkan lè ní ìyáàlù náà ní ṣaworo tó ń bá a dún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ṣaworo kò ní dò, rè, mí tó lè da ọ̀rọ̀ rú. Okùn píánò ní in. Nítorí náà, kí ẹsẹ̀ máa gbéra níbi tí ohùn bá ti yí padà. Níbi tí ohùn kan náà bá ti tẹ̀ léra, bí i "ọmọ wa", kò burú kó dúró.

Àwọn mìíràn ń fi pẹ́dàlì wá ohùn tó ń yọ̀ wálẹ̀, bí èyí tí onídùndún ń fi ọsán gbé jáde. Ohùn méjì tó dún pa pọ̀ kọ́ ni ohùn kan tó ń yọ̀ wálẹ̀.