Ogún Ìṣẹ́jú Lójú Kan: Bí Wọ́n Ṣe To Orin Jùjú Sórí Àwo

Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ti tún ń wá ẹ̀rọ giramafóònù kiri. Ẹ̀rọ tí ìyàwó ilé ti ní kí wọ́n gbé jù sí ẹ̀yìnkùlé, tí adìẹ ti ń yé lé lórí, ni wọ́n ń nù báyìí, tí wọ́n ń bẹ ẹni tó bá mọ àtúnṣe rẹ̀. Àwo Obey àti ti Sunny Adé, àwọn olórin jùjú, àti ti Haruna Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré nílẹ̀ nígbà kan, òyìnbó ń ná owó gidi lé e lórí. Bí ẹ bá sì bi àwọn bàbá yìí pé kí ló dé, èsì kan náà ni wọn ó fọ̀: ẹ̀rọ àtijọ́ dùn ju tòde òní lọ.

N kò gba èsì yẹn tán. Ẹ̀rọ náà ní ẹ̀bùn tirẹ̀, a ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe to orin sójú àwo ni etí wa ń gbádùn ju àpótí pákó ẹ̀rọ rédíógíràmù lọ, ó sì ju ariwo táṣátáṣá tí abẹ́rẹ́ ń pa nínú eruku lọ. Ojú àwo kan, bí ìṣẹ́jú 20. Ìwọ̀n yẹn làwọn olórin jùjú fi gé aṣọ wọn, òun náà la sì ń sọ nù lónìí.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ I. K. Dairo bọ̀, olórin jùjú tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní oyè MBE ní 1963. Àwo kékeré ló gbé òkìkí Dairo, èyí tó ń yí nígbà 45 ní ìṣẹ́jú kan. Ojú kan rẹ̀ kì í sábà gbà ju orin ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Nítorí náà Dairo kì í fi àyè ṣòfò: dùùrù alápò á dún, ohùn á wọlé, ègbè á gbè é, gángan á sọ tirẹ̀ ní ṣókí, ó tán. Ẹ wá orin rẹ̀ Salome gbọ́. N kò rí ibi tí èèyàn lè yọ kúrò nínú orin náà tí kò ní hàn. Àmọ́ bí Dairo bá dé òde ìnáwó, orin ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí lè di ìdajì wákàtí, nítorí pé ẹni tó ń ná owó fún un kò tíì jókòó. Ohun tó wà lórí àwo àti ohun tó wà lóde kò bá ara wọn mu nígbà náà.

Àwo ńlá ló so wọ́n pọ̀. Ó ti wà lọ́jà Amẹ́ríkà láti 1948, ó ń yí nígbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Decca àti EMI wá ń fi gbé orin wa jáde lọ́pọ̀ yanturu lẹ́yìn ogun abẹ́lé, àwọn olórin jùjú kò ṣe bíi ti òyìnbó tó ń to orin mẹ́fà sójú kan, tí ìdákẹ́jẹ́ ń là wọ́n láàárín. Wọ́n sọ ojú àwo di òde. Obey á fi gìtá wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á gbàdúrà, á wá bọ́ sórí ẹni tó fẹ́ kì. Bó bá yá, ohùn á yẹra, gángan á gba ọ̀rọ̀, àkúbà á gbè é lẹ́sẹ̀, àwọn gìtá á máa dá ara wọn lóhùn. Orin mìíràn á tibẹ̀ yọ láìdúró. Kí abẹ́rẹ́ tó dé àárín, orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti kọjá, ẹ ò sì lè fọwọ́ sọ ibi tí ọ̀kan ti parí. Ẹ ó wá dìde yí àwo padà. Ẹni tó gbé ọtí lọ́wọ́ á gbé e kalẹ̀, ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ á sọ ọ́, ojú kejì á bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé oríyìn fún iṣẹ́ yìí. Òyìnbó ló ṣe àwo náà, tirẹ̀ ni òdiwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa kò jẹ́ kó pàṣẹ bí orin yóò ṣe rí fún wọn.

Síbẹ̀, ọ̀nà náà ní àléébù, ẹni tó bá ní etí yóò gbọ́ ọ. Ìró ìsàlẹ̀, ìyẹn ti gìtá ńlá àti ìyá ìlù àkúbà, ń gba àyè lórí àwo. Bó ṣe ń dún kíkankíkan tó ni ipa abẹ́rẹ́, ìyẹn ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lórí àwo, ń fì sọ́tùn-ún sósì tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dín in kù nígbà tí wọ́n bá ń gé àwo, kí amplifáyà ilé tó dá a padà ní ìwọ̀n tí àwọn ilé iṣẹ́ fẹnu kò lé lórí ní 1954. Ṣùgbọ́n bí ojú àwo bá ti ń gùn, ipa abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ tínrín, gbogbo ohùn á sì lọ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 18 kò burú. Tó bá ti kọjá 22, ẹ ó máa yí bọ́tìnnì ohùn sókè, ariwo eruku á sì bá a gòkè.

Èyí tó tún ń ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ ìyára. Létí àwo, ipa abẹ́rẹ́ ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tó bá fi máa súnmọ́ àárín, ó ti lọ sílẹ̀ dé bíi 21. Ibi tó ti lọ́ra yìí ni ohùn ti ń há, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń di ariwo lásán. Ìparí ojú àwo sì ni jùjú ti ń gbóná jù! Lóde, ó bójú mu pé kí eré bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ kó sì parí pẹ̀lú ìlù. Lórí àwo, ibi tí àyè ti burú jù ni wọ́n kó ìlù sí. N kò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe sí i láìba òde jẹ́, ṣùgbọ́n àléébù ni.

Orin àpàlà yọ nínú àléébù yìí. Haruna Ìṣọ̀lá kò lo gìtá ńlá, kò sì sí ibi tí orin rẹ̀ ti ń sáré dé góńgó. Ó jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ àgbà, àgídìgbo ń lọ nísàlẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ gbọ́ Orókì Social Club ti 1971, tó fi kí ẹgbẹ́ Orókì ti Òṣogbo: ohùn rẹ̀ ṣì wà ní títò nígbà tí abẹ́rẹ́ dé àárín. Ọkùnrin yìí kan náà ló bá Dairo dá STAR Records sílẹ̀ ní 1969, kí olórin lè ní iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó mọ ìṣirò ni.

Ẹ̀rọ wá ńkọ́? Nígbà tí ìjọba san àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní owó Údójì ní 1975, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló sáré lọ ra alùpùpù, àwọn mìíràn ra ẹ̀rọ orin. Kí ìyẹn tó dé, rédíógíràmù ni ọba pálọ̀: Grundig, Telefunken, Philips, àpótí pákó tó gùn bí ìjókòó, tó ń kó rédíò, amplifáyà àti sípíkà sínú kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Japan dé, tí gbogbo rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: Sansui, Pioneer, Akai, Technics.

Ìdájọ́ tèmi lórí àwọn méjèèjì kò ní tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn. Rédíógíràmù ń purọ́, irọ́ rẹ̀ sì dùn. Pákó rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀lú ìlù, ó ń fi kún ìró ìsàlẹ̀ tí ẹni tó gé àwo ti dín kù, ó sì ń bo ìró òkè mọ́lẹ̀ tí ẹ ò fi ní gbọ́ bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣe há. Ṣùgbọ́n apá abẹ́rẹ́ rẹ̀ wúwo, ó ń jẹ àwo. Èyí tó ń to àwo márùn-ún lé ara wọn, tó ń jẹ́ kí wọ́n já lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀tá àwo ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn onílù Obey ṣe ní ti gidi, ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ Japan tó dára, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tíì kú. Ẹ ó gbọ́ gìtá kejì tí ẹ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ẹnìkan tó wúkọ́ nínú ègbè pẹ̀lú.

Kí àwọn tó ń jà lórí ẹ̀rọ má bínú o, ṣùgbọ́n etí ẹni àádọ́rin ọdún kì í sábà gbọ́ ìró òkè tó ń gbọ́ nígbà tó wà ní ogún. Ẹlòmíràn ń ra waya olówó iyebíye nítorí ìró tí etí rẹ̀ ti gbàgbé láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀nà mìíràn yẹ̀ wò, kí á lè mọ iye tí ojú àwo wa tó. Bob Marley kú ní oṣù karùn-ún 1981. Island Records ti Chris Blackwell, tó ń gbé orin rẹ̀ jáde, ń wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ láti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, wọ́n mú King Sunny Adé. Martin Meissonnier, ọmọ Faransé, ló bójú tó iṣẹ́ náà, Lomé ni wọ́n sì ti gba orin náà sílẹ̀. Àwo Juju Music jáde ní 1982. Orin méje ló wà nínú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tirẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ni a ti gbọ́ nílé tẹ́lẹ̀.

Ní ti ohùn, iṣẹ́ náà kọjá àfẹnusọ. Ìró ìsàlẹ̀ dúró ṣinṣin, gìtá onírin Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń ṣàn láti ọ̀nà jíjìn, gángan sì súnmọ́ etí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi lè mọ ibi tí awọ ti ń fà. Kò pọ̀ nínú àwo tí a ṣe nílé lásìkò yẹn tó dé ibẹ̀. Ní ti ètò, wọ́n yọ òde kúrò nínú rẹ̀. Orin Ja Funmi ń gbá yín mú, bó bá sì di ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ yín fẹ́ gbóná, ó ti rọra lọ. Ẹni tó wà ní London tàbí New York, tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń kì, ìwọ̀n yẹn tó o. Wọ́n ṣe é fún un, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Mo rí àṣìṣe gidi lórí àwo rẹ̀ Aura, ní 1984. Wọ́n pe Stevie Wonder kó wá fun fèrè ẹnu, wọ́n kó ìlù ẹ̀rọ wọlé, ìlù tí ènìyàn ń fọwọ́ lù sì di àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Island àti Sunny Adé pínyà lẹ́yìn rẹ̀. Nílé, ó ń bá àwo aláìdúró rẹ̀ lọ lábẹ́ orúkọ iṣẹ́ tirẹ̀, a sì ń rà á.

Àwa fúnra wa la wá ṣe èyí tó burú ju ti Island lọ. Náírà já lulẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé SAP ti 1986, kásẹ́ẹ̀tì gba ọjà, àwo di ohun ìgbàgbé. Ní báyìí tí gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sórí fóònù, ẹni tó ń gbé e síbẹ̀ á gé ojú àwo sí wẹ́wẹ́, á yọ ibi tí ìlù ti ń sọ̀rọ̀ nítorí pé kò sí ohùn níbẹ̀, á fún wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó wù ú. Orí àwo tó ti jẹ tán ni wọ́n sì ti sábà ń gbà á sílẹ̀.

Ìyára pàápàá lè máà pé. Ẹ̀rọ tọ̀kúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà ń jẹ iná ìgbì 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tiwa jẹ́ 50. Tiransifọ́mà á sọ fóltì iná di 110 fún yín, ṣùgbọ́n kò lè yí 50 padà. Bí mọ́tò rẹ̀ bá jẹ́ irú àtijọ́ tó ń tẹ̀lé ìgbì iná, àwo tó yẹ kó yí nígbà 33 á máa yí ní bíi 28, ojú àwo oníṣẹ́jú 20 á gba 24, ohùn Obey á sì rẹlẹ̀ kọjá ti ara rẹ̀. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní wàhálà yìí. Technics SL-1200MK2 tó jáde ní 1979 kò ní in pẹ̀lú, nítorí kò wo ìgbì iná kó tó yí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tún burú sí i: bí ó ṣe ń mí ni orin ń mí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí páálí àwo ṣì wà lábẹ́ ibùsùn yín, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín. Ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ àwo náà, kí omi má kan bébà àárín rẹ̀. Ẹ má fi spírítì kan àwo àtijọ́ tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan o, yóò yọ́ ọ. Ẹ wo abẹ́rẹ́ dáadáa: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ní abẹ́rẹ́ méjì, ti 78 sì ń ba àwo ńlá jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ojú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lódindi, láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ balẹ̀ títí tó fi dé àárín. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lórí bébà náà, ẹ kọ ọdún, ẹ kọ orúkọ onígìtá àti onílù gbogbo tó wà lẹ́yìn páálí, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni orúkọ ọ̀pọ̀ wọn wà. Tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín, ẹ fi ránṣẹ́ bó ṣe wà, ogún ìṣẹ́jú pérépéré.