Ìkómọjáde Tí Kò Pé Ọjọ́: Ojú Ayé nínú Ìwé Fragments àti ní Adabraka

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ní Adabraka, ní àárín ìlú Accra, aṣọ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún àlejò pé òkú wà nílẹ̀. Dúdú àti pupa ni àwọn olóòkú ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú. Bí ó bá di ọjọ́ Àìkú tí wọ́n ń lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á yí i padà sí dúdú òun funfun. Àwòrán olóògbé á ti wà lára ògiri ṣáájú ọjọ́ náà, orúkọ àwọn ọmọ á sì tẹ̀lé e lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú orúkọ ìlú òyìnbó tí ẹni tó wà lókè òkun nínú wọn ń gbé. Kò sí òfin ìjọba tó pàṣẹ èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí. Síbẹ̀, ẹni tó bá wọ aṣọ aláwọ̀ mìíràn débẹ̀ ti sọ ohun tí kò ní lọ́kàn láti sọ, ẹbí á sì ti gbọ́ ọ. Yorùbá tó bá dúró lójú pópó náà kò nílò ògbufọ̀. Ó mọ aṣọ ẹbí, ó sì mọ ohun tí wọ́n máa ń rò nípa ẹni tó ní òun kò ra tòun.

Ohun tó yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ fiyè sí ni pé Adabraka kì í ṣe abúlé àtijọ́ níbi tí gbogbo ènìyàn ti jẹ́ ọmọ bàbá kan. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tó kọlu Accra ní 1908 ni ìjọba amúnisìn la àdúgbò náà, kí àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n há mọ́ra wọn ní Zongo lè rí ibi fẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń so orúkọ rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan náà tí Yorùbá ń pè ní àlùbáríkà. Gã, Akan, Ewe, Hausa àti Yorùbá ni wọ́n jọ ń gbé agbègbè ibẹ̀. Accra New Town, tí wọ́n ń pè ní Lagos Town tẹ́lẹ̀, kò jìnnà sí i. Nítorí náà, bí gbogbo ènìyàn bá ń ṣe bákan náà níbẹ̀, kì í ṣe pé baba ńlá kan ṣoṣo ló fi í lélẹ̀ fún wọn. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n ń wo ara wọn lójoojúmọ́ ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Wíwo ara ẹni yìí ni èdè Yorùbá ń pè ní ojú ayé. Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà nítòsí rẹ̀: a máa ń gbọ́ nípa ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe, nípa ohun tí ayé yóò wí, àti nípa ṣekárími. Ìkẹyìn yìí gba àfiyèsí olùkọ́ èdè. Ẹni tó ń fi nǹkan hàn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Kò bá àwọn tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń retí kí wọ́n fi hàn wọ́n wí. Èdè kò fún àwọn òǹwòran ní orúkọ ẹ̀gàn kankan, bẹ́ẹ̀ sì ni, bí kò bá sí òǹwòran, ta ni oníṣekárími ń ṣe é fún? Àwọn òǹwòran wọ̀nyí gan-an ni Ayi Kwei Armah kọ ìwé nípa wọn.

Takoradi ni wọ́n bí Armah sí ní 1939. Ó kàwé ní Amẹ́ríkà, ó padà sí Ghana, ó sì ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé eré fún tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀. Ìtàn àròsọ rẹ̀ kejì, Fragments, jáde ní 1970. Baako, olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, náà kàwé ní Amẹ́ríkà, ó padà sí Accra, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí ẹbí ń retí lọ́wọ́ ẹni tó ti òkè òkun dé ni pé kí ó kó ọrọ̀ bọ̀. Ọwọ́ òfìfo ló gbé wọlé, àfi ìwé kíkọ tó wù ú láti ṣe. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, àwọn ẹbí rẹ̀ dì í lókùn, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ.

Ọ̀pọ̀ àgbéyẹ̀wò lórí ìwé yìí ló ń tẹ̀ sí ibì kan: wọ́n ní ìfẹ́ ọrọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ òyìnbó wá ló ba àṣà Akan jẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Baako fúnra rẹ̀ fi ìwà àwọn ènìyàn rẹ̀ wé ti àwọn ará Melanesia tí wọ́n ń retí kí ọkọ̀ gbé ẹrù wá fún wọn láti ìlú àwọn òkú. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọgbọ́n ìsọ̀tàn Armah dáadáa, kò sí ohun kan tí wọ́n fi fúngun mọ́ Baako tí kì í ṣe ti ilé. Ní pápákọ̀ òfuurufú, Brempong tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ bọ̀ ni wọ́n tẹ́ kente sílẹ̀ fún, tí arábìnrin rẹ̀ sì da ọtí olówó iyebíye sí bàtà rẹ̀. Ìkíni káàbọ̀ ni. Títa ọtí sílẹ̀ ni. Akan kankan kò ní sọ pé òyìnbó ló kọ́ òun. Ohun tó yí padà ni ẹni tí wọ́n ń ta ọtí náà fún; bàbá ńlá ni tẹ́lẹ̀, bàtà ni báyìí.

Orí ìkómọjáde ni ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù lọ. Araba, arábìnrin Baako, bímọ lẹ́yìn ìnira púpọ̀, ọmọ náà kò sì tíì pé oṣù. Àṣà ní kí ọmọ wà nínú ilé di ọjọ́ kẹjọ, nítorí pé àlejò ni. Kò tíì dá a lójú bóyá yóò dúró tàbí yóò padà sí ibi tó ti wá. Efua, ìyá Baako, àti Araba sún ayẹyẹ náà ṣíwájú di ọjọ́ karùn-ún, kí ó lè bọ́ sí ìparí ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí àpò àwọn àlejò ṣì wúwo. Naana, ìyá àgbà, kìlọ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Wọ́n gbé ọmọ síta láàárín èrò, fáànù iná mànàmáná tuntun ń fẹ́ sí i lára, ọmọ náà sì kú.

Òǹkàwé Yorùbá ní àǹfààní kan níbí tí òǹkàwé èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Orúkọ tí àwọn ará Ghana ń pe ayẹyẹ yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣàjèjì sí àwọn òyìnbó. Lédè Yorùbá, ìkómọjáde ni, kò sí àlàyé tó kù. Kpodziemo tí àwọn Gã tó ni ilẹ̀ Accra ń ṣe ní ìdájí ọjọ́ kẹjọ kò jìnnà sí i rárá. Samuel Johnson ti kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìtàn Yorùbá rẹ̀ pé láyé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọmọkùnrin, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì, kí ó tó di pé ọjọ́ kẹjọ wá kárí gbogbo wọn. Àṣà náà ti yí padà, kò sì pa ọmọ kankan. Ní Accra òde òní, wọ́n sábà máa ń sún ayẹyẹ náà sí ọjọ́ Sátidé kí àwọn òṣìṣẹ́ lè wá. Kò sí ẹni tó ń pè é ní èèwọ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe yíyí ọjọ́ padà ni ẹ̀ṣẹ̀ Efua. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín sísún un síwájú nítorí àlejò àti sísún un sẹ́yìn nítorí àlejò kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo ìwé náà dúró lé lórí. Ẹni tó sún un sẹ́yìn ṣì gbà pé ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu láti dúró. Efua kò dúró gbọ́ ìpinnu ọmọ náà. Síbẹ̀, kò ba ẹ̀yà kan jẹ́ nínú àṣà: aṣọ, ọtí, orúkọ àti ẹ̀bùn pé pérépéré. Ó pa gbogbo rẹ̀ mọ́ tán, ó wá yọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é kúrò. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ni ní àṣà Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ to àwọn ohun èlò ìsọmọlórúkọ lẹ́sẹẹsẹ, oyin, iyọ̀, obì, orógbó, yóò rí ìbéèrè tó nira nínú orí yìí.

Ìwé náà ti fi bí yóò ṣe parí hàn ní kùtùkùtù. Kí Baako tó dé, Juana, oníṣègùn ọpọlọ tó wá láti Puerto Rico, rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n yí ajá kan ká lójú títì. Wọ́n ní ajá náà ti di dìgbòlugi. Ọmọdékùnrin kan tó fẹ́ràn ajá náà ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n pa á. Nígbà tí àwọn ẹbí àti aládùúgbò bá sì lé Baako kiri níkẹyìn, tí wọ́n ń bẹ̀rù kí ó má fara kàn wọ́n, òǹkàwé tó bá rántí ajá náà ti mọ èrò yẹn rí. Armah kò sọ pé ìkà ni wọ́n. Àánú ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n gbà pé àìsàn ni àìfẹ́ ṣe bí ẹgbẹ́.

Ilé ìwòsàn irú èyí tí wọ́n gbé e lọ kò ṣàjèjì sí ará Adabraka. Láti 1906 ni ilé àwọn alárùn ọpọlọ ti wà ní Accra, àdúgbò tó tẹ̀lé Adabraka sì ń jẹ́ Asylum Down títí di òní nítorí pé ìsàlẹ̀ ilé náà ló wà. Àwọn tí wọ́n ń lọ sí Kàtídírà Ẹ̀mí Mímọ́ ní Adabraka pẹ̀lú aṣọ ìdúpẹ́ wọn kò jìnnà sí ògiri rẹ̀. Orúkọ náà ti di orúkọ ibùdókọ̀, ẹnu ti mọ́ ọn lára, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́.

Fíìmù Ghana náà gba ọ̀nà yìí. Nínú Love Brewed in the African Pot tí Kwaw Ansah gbé jáde ní 1980, Kofi Appiah, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì, fẹ́ kí Aba ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ́yà. Ọmọ apẹja tó ń tún mọ́tò ṣe ni Aba yàn. Aba náà ni ọpọlọ rẹ̀ dàrú. Nínú Heritage Africa, tó gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ ní FESPACO ní 1989, Kwesi Atta Bosomefi yí orúkọ ara rẹ̀ padà di Quincy Arthur Bosomfield kí ó lè bá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá amúnisìn mu. Ansah ń ṣàánú bàbá Aba ju bí Armah ti ń ṣàánú Efua lọ. Ó jẹ́ kí a rí ohun tí bàbá náà ń bẹ̀rù. Ní tiwa, Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi Àjàní sáàárín ìyá tó ń béèrè ìyàwó àti àwọn obìnrin tí ọkàn rẹ̀ fà sí nínú Ó Le Kú ní 1974. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ìwé náà di fíìmù ní 1997, ìró àti bùbá kúkúrú inú rẹ̀ gba ìgboro kan, wọ́n sì ń pe aṣọ náà ní Olekú. Ó yani lẹ́nu díẹ̀: ìtàn nípa ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìfúngunmọ́ ẹbí dojú kọ wá di aṣọ tí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ rán.

Bí a bá fẹ́ bá Armah jiyàn, orí ilé tí Efua ń kọ́ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ńlá kan ni Efua fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sọlẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, kò sì lè parí rẹ̀. Òǹkọ̀wé fi í ṣe àmì ojúkòkòrò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, oṣù díẹ̀ kí ìwé náà tó jáde, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní Ghana gba ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó kúrò. Ọ̀pọ̀ Yorùbá láti Ogbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ọ̀fà àti Ìlọrin, tí wọ́n ti ń tajà ní Ghana fún ọdún gbọọrọ, ló kó ẹrù wọn. Àwọn kan nínú wọn, ìlú yẹn ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n gbọ́ èdè ibẹ̀, wọ́n ń wọ aṣọ ibẹ̀, ṣíṣe bí ẹgbẹ́ kò sì gbà wọ́n. Ilé tí àwọn kan ti ń fi owó ránṣẹ́ kọ́ sí ìlú wọn, tí ẹlòmíràn lè pè ní ṣekárími, òun ni wọ́n rí wọ̀ sí. Ẹni tí kò kọ́lé nítorí pé kò fẹ́ ṣe bí ayé ti ń ṣe, ilé onílé ló dé sí.

Fragments kò ní ààyè fún irú ìyá bẹ́ẹ̀, ìyá tó ń kọ́lé nítorí pé ó mọ̀ pé ìlú lè lé ènìyàn. Bóyá nítorí pé onílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Síbẹ̀, Armah fún Efua ní àyè kan: ó mú Baako lọ sí ibi ilé tí kò parí náà, ó sì jẹ́wọ́ ìrètí rẹ̀ fún un ní gbangba. Nínú orí yẹn, ohùn rẹ̀ kì í ṣe ti oníwọ̀ra. Ó ti rẹ obìnrin náà.

Ẹnìkan ṣoṣo nínú ilé náà ni ohun tí wọ́n ń fi hàn kò lè fà mọ́ra, òun sì ni Naana. Ohùn rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ìwé, òun ló sì parí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Kò rí kente, kò rí mọ́tò, kò rí aṣọ àwọn àlejò. Ó ń gbọ́ ariwo wọn láti inú yàrá. Òun nìkan ló sì ka iye ọjọ́ tí ọmọ náà ti lò láyé.