Bàbá Tí Kò Rẹ́rìn-ín

Owó tí mo fẹ́ fi ra búrẹ́dì ni mo fi ra ìwé kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ta ìwé àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Dùgbẹ̀. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, òjò ti pa á rí, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ sì ti fi pẹ́ńsù fa ìlà káàkiri inú rẹ̀. Go Tell It on the Mountain ni orúkọ ìwé náà. James Baldwin, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ló kọ ọ́, ọdún 1953 ló sì jáde. Mo ní kí n kàn yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sùn ni o. Àkùkọ kọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Láti àárọ̀ Sátidé kan ní oṣù Máàṣì 1935 títí di àfẹ̀mọ́jú Sọ́ńdè ni ìtàn náà, ní Harlem ní ìlú New York. John pé ọmọ ọdún 14 lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀ fún un lówó díẹ̀, ó fi lọ wo sinimá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni sinimá nílé wọn. Gabriel tó ń pè ní bàbá jẹ́ díákónì, ẹni tó ti wàásù tí ilẹ̀ mì tìtì rí. Òun kọ́ ló bí John. Ọmọ náà kò sì mọ̀. Nígbà tó di alẹ́, wọ́n lọ sí àdúrà, ẹ̀mí gbé John ṣánlẹ̀, kò sì dìde títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́. Ó dìde tán, ó rẹ́rìn-ín sí bàbá rẹ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín padà.

Bí ẹ bá ti gbé nílé tí bàbá ti ń gbàdúrà fún gbogbo ìjọ, tí kì í sì í bá ọmọ tirẹ̀ sọ̀rọ̀ láti Mọ́ńdè dé Sátidé, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Èmi ti gbé irú rẹ̀.

Ẹni tó ni ìwé yìí tẹ́lẹ̀ fa ìlà síbi gbogbo tí Gabriel ti lu ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi àdúrà Gabriel fúnra rẹ̀, kò fa ìlà kankan mọ́! Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé Gabriel fún Esther lóyún nígbà tó ní ìyàwó nílé, pé owó ìyàwó ló jí fún un kó fi sá lọ, pé ọmọ náà dàgbà lójú rẹ̀ láìmọ̀ ọ́n ní bàbá, tí wọ́n sì pa á ní Chicago. Baldwin alára wàásù nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 14. Pásítọ̀ tí kì í ṣe bàbá tó bí i ló tọ́ ọ. Ó láǹfààní láti bú ọkùnrin yìí. Kò bú u. Ó jókòó tì í, ó jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì gùn.

Ẹjọ́ kan ni mo ní. Gabriel gbàdúrà, Florence ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbàdúrà, Elizabeth ìyá John náà gbàdúrà. Deborah ńkọ́, ìyàwó àkọ́kọ́ tí wọ́n jí lówó? Àgàn ni. Ó mọ gbogbo rẹ̀, ó dákẹ́, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ì bá tọ́ ọmọ náà bíi tòun. Lẹ́tà lásán ló kù wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, inú báàgì Florence ló sì wà. Èmi ì bá fi àdúrà Florence sílẹ̀ kí n gbọ́ tirẹ̀.

Mo fi pẹ́ńsù tèmi fa ìlà síbi lẹ́tà náà. Ìwé ọ̀hún ṣì wà lórí tábìlì ní pálọ̀. Bàámi ń bọ̀ wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá màá gbé e kúrò níbẹ̀.